Bí Ògúnmọ́dẹdé Ṣe Pọn Ìyá Ìyàwó Rẹ̀ Kọjá Ìlú Imúgbọọrọ

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá ní obì lẹ́nu kó yára jẹ ẹ́ tán, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń sunkún kó fún un lọ́mú, kí ajá tó wà lábẹ́ àga yẹn náà sì pa ẹnu mọ́. Ẹ kúkú mọ̀ mí. Èmi ni mo yìnbọn lu ẹfọ̀n kan níjọ́sí, tí ọta gba inú ẹfọ̀n náà jáde, tó pa àgbọ̀nrín tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, tó sì tún la igi ìdáná fún wa kó tó balẹ̀. Èmi ni mo kàwé dé ìwé mẹ́ta tí tíṣà mi fi fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ní òun ò rí nǹkan kan tí òun tún lè kọ́ mi. Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín níwájú níbẹ̀ yẹn, ṣé o wà ní kíláàsì wa ni?

Ṣùgbọ́n ìtàn tòní kì í ṣe tèmi. Ti Ògúnmọ́dẹdé ni, àbúrò bàbá mi, ọdẹ tó kọ́ mi ní ìbọn yíyìn. Irọ́ pípa, ara mi ni mo ti kọ́ ìyẹn.

Ní ìlú Arégbè, Ògúnmọ́dẹdé ń gbé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Ṣubúọlá, àti ìyá ìyàwó rẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ṣubúọlá. Ẹ̀rín ni wọ́n mọ ìyá yìí mọ́. Bó bá rẹ́rìn-ín láàárọ̀, máńgòrò tó ti pọ́n a já wálẹ̀. Èyí tí kò tíì pọ́n a yára pọ́n kí òun náà lè já. Ìyá Gbadébọ̀, aládùúgbò wọn tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, a gbé apẹ̀rẹ̀ sábẹ́ igi, a ní, “Ìyá Ṣubúọlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún rín ọ̀kan sí i, apẹ̀rẹ̀ mi ò tíì kún.”

Àfi bí làkúrègbé ṣe dé. Ó wọ orúnkún ìyá náà, ó gba ibẹ̀ lọ sí ìbàdí, ó tẹ́ ẹní síbẹ̀, ó ní òun ò lọ mọ́. Wọ́n fi òrí pa á, wọ́n se àgbo fún un, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ títí abẹ́rẹ́ fi sú dókítà fúnra rẹ̀. Ìyá ò lè sùn. Nígbà tó yá, ìyá ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́ bí ilé tí wọ́n ti kó jáde, máńgòrò sì gbẹ sórí igi.

Lọ́jọ́ kan, Ṣubúọlá gbé ọmọ odó sílẹ̀, ó kọjú sí ọkọ rẹ̀.

“Bàbá Akínlabí, ẹ ń pa ẹkùn, ẹ ń pa ìkookò, ẹ sì ń pariwo rẹ̀ kiri ìlú. Làkúrègbé kan ṣoṣo ló wà lára ìyá mi, ẹ ò rí i pa.”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Ògúnmọ́dẹdé lára ju ọta lọ. “Ibo ló sá sí? Ṣáà fi ojú ọ̀nà rẹ̀ hàn mí!”

“Alábẹ̀bẹ̀ tó kọjá níjẹta ní, lódì kejì Ijù Eléèémí, àwọn kan ń fún òróró lára ewé tí wọ́n ń pè ní igbó. Ó ní ó máa ń mú kí ìrora rọlẹ̀, kí aláìsàn sì rí oorun sùn.”

“Èyí tí àwọn ọmọ ìgboro ń wé bíi sìgá?”

“Òun náà. Ó ní ìlú kọ̀ọ̀kan lọ́hùn-ún ló ní òfin tirẹ̀ lórí ẹ̀.”

Ní Arégbè tiwa, kò tíì sí òfin kankan lórí ewé náà. Àwọn àgbà ìlú ṣì ń jókòó lé e lórí. Wọ́n ti jókòó lé e pẹ́ dé ibi pé olú hù sí ìdí ọ̀kan nínú wọn, ìyàwó rẹ̀ sì ká a, ó fi se ọbẹ̀.

Ògúnmọ́dẹdé gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá ìyàwó rẹ̀. “Màmá, mo ń lọ. N ò ní bọ̀ láìsí ìwòsàn yín.”

“Ọkọ ọmọ mi,” ni ìyá wí, tó di orúnkún mú, “tètè bọ̀. Ìrora yìí ti ń wá ẹni tó máa bá òun kan páànù ilé rẹ̀ sí mi lára.”

Bó ṣe kó sínú Ijù Eléèémí nìyẹn. Àwọn igi ibẹ̀ ń mí. Bí wọ́n bá mí sínú, fìlà Ògúnmọ́dẹdé a fò lọ; bí wọ́n bá mí síta, fìlà a padà wá bà lé e lórí. Ibẹ̀ ló gbà dé ẹnu odi ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Imúgbọọrọ. Imú àwọn ará ìlú yìí gùn débi pé wọ́n ń ká a bí okùn ni, wọ́n á wá fi ìyókù há etí. Oníbodè wọn, Agbóòórùn-Ọ̀la, tú imú tirẹ̀ sílẹ̀, ó fi gbọ́ òórùn Ògúnmọ́dẹdé láti fìlà dé bàtà.

“O jẹ ẹ̀wà níjẹta,” ló wí. “Ìyàwó rẹ ló sè é. Ó jó díẹ̀.”

“Ẹ rọra sọ ọ́, ọ̀gá! Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.”

“Tẹ́tí sí òfin wa. Ewé igbó kì í wọ ìlú yìí. A kì í mu ún, a kì í jẹ ẹ́, a kì í fi para, a kì í fi lálàá. Bó wà nínú àpò, bó wà nínú fìlà, bó há sáàárín eyín, a ó gbà á, a ó dà á sódò, ẹni tó gbé e wá á sì fi imú fa omi kànga ọba.”

“Bó bá jẹ́ aláìsàn ni wọ́n ń gbé e lọ fún ńkọ́?”

Oníbodè wò ó bí ẹni tí wọ́n sọ èdè ẹja sí. “Aláìsàn kò sí nínú òfin wa. Ewé ló wà níbẹ̀. Ó yá, kí o tó kọjá: kí ló wọ ilé ọba tí kò kí ọba, tó wọ ilé àna tí kò dọ̀bálẹ̀?”

Ògúnmọ́dẹdé rántí ẹ̀wà tó jó. “Òórùn ni!”

“Ọmọ tó gbọ́n ni ọ́. Kọjá.”

Ẹ má rò pé ìyẹn ló le jù. Ìlú tó tẹ̀ lé e ni Gbádùn-Ara-Ẹ, níbi tí òfin ti yọ̀ǹda kí àgbàlagbà mu ewé náà fún fàájì. Èéfín ń jáde lójú fèrèsé bí òwú, ẹ̀rín ń tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ìlú onírúdurùdu ni o! Wọn kì í mu ún lójú títì. Wọn kì í mu ún níwájú ọmọdé. Ẹni tó bá mu ún kò gbọdọ̀ gun kẹ̀kẹ́, kò gbọdọ̀ gun ọ̀pẹ, kò sì gbọdọ̀ gun ẹṣin, títí ojú rẹ̀ á fi wálẹ̀. Àwọn ànjọ̀nú ló ń gbébẹ̀, èyí tó kúrú jù nínú wọn ga tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọ̀gá tó ń yẹ ọjọ́ orí wò bẹ̀rẹ̀ wo Ògúnmọ́dẹdé.

“Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?”

“Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mo sì ti pa erin!”

“Yéè!” Ànjọ̀nú gbé ọwọ́ lérí. “Àádọ́ta! Ọmọ ọwọ́! Ta ló sọ ọmọ yìí nù? Ẹ bá mi bu ẹ̀kọ mímu wá!”

Àṣé lọ́dọ̀ wọn, ẹni tí kò bá tíì pé ọ̀ọ́dúnrún ọdún, ọmọdé ni. Ànjọ̀nú kan dúró létí géètì, irùngbọ̀n rẹ̀ ń gbálẹ̀, ó ń sunkún nítorí pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yóò tó pé, wọn ò sì gbà kó wọlé. Wọ́n gbé ọdẹ ńlá lé itan. Wọ́n fún un lẹ́kọ. Wọ́n gbá a lẹ́yìn títí ó fi gùfẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n á ní, “Ẹ gbọ́, ó ti ń pe ‘bàbá’!”

“Ìyá ìyàwó mi ló ń ṣàìsàn!” ló kígbe níkẹyìn.

Ọ̀gá ànjọ̀nú gbé e sọ̀ kíá. “Ṣé ti àìsàn ni? O ò sì tètè sọ. Tiwa, fàájì ni. Ti àìsàn, kò kan ọjọ́ orí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wa kọ́. Fo odò yẹn. Nu ẹnu rẹ, ẹ̀kọ wà níbẹ̀.”

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi wò ó. Ewé kan náà, òjò kan náà ló ń rọ̀ sí i. Odò tí ewúrẹ́ lè fò láìsáré ló wà láàárín, òfin sì ti yí padà lódì kejì. Bí mo bá ń purọ́, kí ìbọn mi má yìn mọ́.

Lódì kejì odò ni ìlú Ìwòsàn-Ń-Bọ̀ wà. Níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ewé náà ṣe fàájì. Fún aláìsàn nìkan ni, iwin obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Olójúmẹ́fà ló sì ń fúnni. Ojú mẹ́fà tò sí iwájú orí rẹ̀ bí bọ́tìnnì. Ó ní kí Ògúnmọ́dẹdé jókòó.

“Ta ló ń ṣàìsàn? Sọ bó ṣe rí gan-an.”

Ṣé ẹ mọ ọdẹ. Ògúnmọ́dẹdé ṣe ẹnu gìrì. “Ìyá ìyàwó mi ni. Ìrora rẹ̀ ga ju òkè lọ!”

Ojú kan pa dé.

“Bó bá kérora, ògiri ilé a wó lulẹ̀!”

Ojú kejì pa dé.

“Ìkérora rẹ̀ lé ọba ìlú wa kó lọ sí ìlú míì!” Ojú kẹta. “Ẹyẹ ò fò kọjá òrùlé wa mọ́!” Ojú kẹrin. “Òkúta ń bá a sunkún!” Ojú karùn-ún pa dé pọ́ń.

“Ọdẹ,” ni iwin náà wí, “ó ku ẹyọ kan. Bí ìyẹn bá pa dé, n ò ní rí ọ mọ́, wàá sì padà lọ́wọ́ òfo.”

Òógùn bo Ògúnmọ́dẹdé. Kò sọ̀rọ̀ láìbù mọ́ ọn rí láti ọjọ́ tí eyín rẹ̀ ti yọ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń rìn lórí ẹ̀gún.

“Orúnkún ń dùn ún. Ìbàdí rẹ̀ náà. Kò rí oorun sùn. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń rẹ́rìn-ín… Tí mo bá ti oko ọdẹ bọ̀, ẹ̀rín rẹ̀ ni mo fi máa ń mọ̀ pé mo ti délé. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ. N kì í mọ ìgbà tí mo ti délé mọ́.”

Ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà là. Méjì tó wà láàárín ń ṣomi.

Iwin náà bu òróró sínú àdó kékeré kan, ó kọ orúkọ Ìyá Ṣubúọlá sí i lára. “Ẹ̀kán méjì sábẹ́ ahọ́n nírọ̀lẹ́. Tirẹ̀ nìkan ni. Ìwọ tí o gbé e, o ò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Bí ẹlòmíràn bá fẹnu kàn án, n ò ní fi rán ọ mọ́, àfi kí ẹni tó ni ìrora wá fúnra rẹ̀. Sì gbọ́ o: létí odò ni òfin mi parí. Ti Imúgbọọrọ, tiwọn ni.”

“Màmá, ẹ fi Imúgbọọrọ lé mi lọ́wọ́.” Ó di àdó náà sínú irú, ó fi ewé wé e, ó tún fi irú míì lé e. Irú náà ń rùn débi pé eṣinṣin ń fọwọ́ bo imú.

Ẹ máa gbọ́, ọgbọ́n yìí ì bá ṣiṣẹ́! Ohun tó bà á jẹ́, ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ọdẹ ò lè ṣe é. Lọ́dọ̀ àwa ọdẹ, ẹni tó bá ń ti ìgbẹ́ bọ̀, tó pàdé ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́nà, kò gbọdọ̀ kọjá láìfún un ní ìpín. Láti kékeré ni wọ́n ti fi kọ́ wa. Ọwọ́ wa ti mọ̀ ọ́n ju orí wa lọ.

Ògúnmọ́dẹdé kúkú pàdé àwọn iwin ọdẹ mẹ́ta létí ọ̀nà, àpò wọn ṣófo, ikùn wọn ń kùn.

“Arẹ̀pa!” ni wọ́n kí i.

“Ògún á gbè wá!”

“Ọ̀rẹ́, kí lo pa? Ìpín wa dà?”

Kí orí rẹ̀ tó bá a sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti tú irú. “Ẹ̀yin àgbà, ẹ la ẹnu, ẹ gba ti orí. Ìwọ, gba ti àyà. Ìwọ tó o kéyìn, gba ti itan.” Ó ń kán òróró sí wọn láhọ́n bí ẹni tó ń pín ẹtu. Ìgbà tó dé àdó padà tán ló rí orúkọ ìyá ìyàwó rẹ̀ lára rẹ̀. Ó kígbe, “Mo gbé!”

Ó ti bọ́. Àwọn iwin mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín kèékèé. Wọ́n fún un ní orúkọ, wọ́n sì ń fi orúkọ náà kọrin tẹ̀ lé e lẹ́yìn: “Bàbá Olóróró! Bàbá Olóróró, ìpín rẹ dùn!” Ó lé wọn, wọn ò lọ. Ó sá, wọ́n ń jó sáré tọ̀ ọ́. Báyìí ni wọ́n ṣe jọ já sí ẹnu odi Imúgbọọrọ. Gbogbo imú ìlú dìde lẹ́ẹ̀kan náà bí ọ̀wọ́ ejò, wọ́n sì dún bíi kàkàkí.

Àwọn ará ìlú gba àdó. Wọ́n da òróró sódò. Ẹja ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ omi. Wọ́n wọ́ Ògúnmọ́dẹdé dé iwájú ọba, ẹni tí imú rẹ̀ pọ̀ débi pé ìjòyè méjì ló ń bá a gbé e.

“Fa omi,” ni ọba wí.

Ògúnmọ́dẹdé ti imú bọ kànga. Imú rẹ̀ ò tilẹ̀ kọjá etí kànga. Àánú rẹ̀ ṣe wọ́n.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe kànga ló ń dùn ún. Iwin ti ní òun ò ní fi rán an mọ́. Òróró ti lọ. Báwo ló ṣe fẹ́ wọ ilé? Kí ló fẹ́ wí fún ìyá tó di orúnkún mú? Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ń ro ọ̀rọ̀ iwin náà, ó ń ro ọ̀rọ̀ oníbodè, lójijì ló gbórí sókè.

“Kábíyèsí, mo jẹ̀bi. Ewé ò gbọdọ̀ kọjá, mo gbà. Ìbéèrè kan ló kù. Ìyá arúgbó ńkọ́?”

“Ìyá arúgbó wo?”

“Èyí tí orúnkún ń dùn. Bó bá gba ìlú yín kọjá lọ sọ́hùn-ún, tí kò mú ewé kankan dání, ṣé òfin yín dá a dúró?”

Àwọn ìjòyè ń gbọ́ òórùn ara wọn bóyá ẹnì kan á mọ̀ ọ́n. Agbóòórùn-Ọ̀la ló rìn síwájú, ojú ń tì í.

“Kábíyèsí, aláìsàn kò sí nínú òfin wa.”

“Bí kò bá sí níbẹ̀,” ni ọba wí, tó ń ronú lọ, “a ò rí ohun tí a ó fi dá a dúró nìyẹn. Bó bá ń bọ̀ ńkọ́?”

“Á dúró lọ́hùn-ún títí òórùn òróró náà á fi kúrò lára rẹ̀, Kábíyèsí.”

“Ó parí. Ẹ lé ọkùnrin onímú kékeré yìí jáde, irú rẹ̀ ń pa wá.”

Ògúnmọ́dẹdé sáré délé. Ó ròyìn gbogbo rẹ̀, ó wá dojú bolẹ̀. “Màmá, ẹ gun ẹ̀yìn mi.”

“Kí lo wí?”

“Ẹ jẹ́ kí n pọ̀n yín.”

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Ọkọ ọmọ kì í bá ìyá ìyàwó rẹ̀ jẹ nínú àwo kan, kì í jókòó níbi tó ga ju tirẹ̀ lọ. Ká má tilẹ̀ wá sọ pé kó pọ̀n ọ́n! Ìyá Gbadébọ̀ ti na ọrùn kọjá ọgbà. “Èèwọ̀! Àna pọn àna! Ẹ wá wò ó o!”

“Kí ayé gbọ́ pé ọkọ ọmọ mi gbé mi pọ̀n bí ọmọ ọwọ́?” ni ìyá wí. “Rárá o.”

“Màmá,” ni Ògúnmọ́dẹdé wí, kò bù mọ́ ọn, kò yọ kúrò níbẹ̀, “àwọn ànjọ̀nú gbé èmi náà lé itan. Wọ́n fún mi lẹ́kọ. Mo gùfẹ̀.”

Ètè ìyá gbọ̀n díẹ̀. Ṣubúọlá ò dúró kó tún rò ó. Ó mú ọ̀já, ó gbé ìyá rẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn, ó dè é pinpin. Wọ́n gbéra.

Nígbà tí wọ́n dé Imúgbọọrọ, Agbóòórùn-Ọ̀la tú imú sílẹ̀ láti yẹ ìyá wò. Òrí wà lára rẹ̀, káńfọ̀ wà lára rẹ̀, àgúnmu wà níbẹ̀, àdín wà níbẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n ti fi lé làkúrègbé ló wà níbẹ̀. Imú náà yí ọrùn ìyá ká, ó rìn ín lábẹ́ àgbọ̀n. Káńfọ̀ bá wọ inú rẹ̀.

“Há… há… HÁṢÍN-ÍN!”

Imú oníbodè fò sókè, ó so ara rẹ̀ mọ́ òpó ẹnu odi ní kókó mẹ́ta. Oníbodè ń fò sókè sódò, ó ń kígbe pé, “Ẹ tú mi! Ẹ dúró ná, n ò tíì yẹ̀ wọ́n wò tán!”

Ògúnmọ́dẹdé gbọ́ nǹkan lẹ́yìn rẹ̀. Ó kọ́kọ́ dà bí ìgbà tí ìkòkò fẹ́ hó. Ó mì tìtì nínú ọ̀já. Lẹ́yìn náà ló bú jáde: ẹ̀rín! Ẹ̀rín Ìyá Ṣubúọlá, tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ láti ìgbà tí máńgòrò ti gbẹ sórí igi! Gbogbo igi Ijù Eléèémí gbé èémí dúró láti gbọ́ ọ, gbogbo èso wọn sì já wálẹ̀ gbì. Ọdẹ tó pa erin ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ pé, “Màmá, mo ti délé. Màmá, mo ti délé,” bẹ́ẹ̀ etí ijù ni wọ́n ṣì wà.

Ìyá Olójúmẹ́fà wo aláìsàn pẹ̀lú gbogbo ojú rẹ̀, ó kán ẹ̀kán méjì sí i lábẹ́ ahọ́n nírọ̀lẹ́. Ìyá sùn. Ó hanrun débi pé àwọn ànjọ̀nú lódì kejì odò bẹ̀ ẹ́ pé kó fún àwọn náà láyè sùn. N ò ní purọ́ fún yín níbi yìí: làkúrègbé ò lọ tán. Ṣùgbọ́n ó ká ẹní rẹ̀, ó lọ jókòó sí igun kan, kò pariwo mọ́. Kò pẹ́, ìyá ń tẹ ẹsẹ̀ nílẹ̀, ó ń rìn.

Ó dúró títí òórùn òróró fi kúrò lára rẹ̀, ó wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé Imúgbọọrọ. Oníbodè dúró jìnnà, ó na imú.

“Ẹ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lánàá, Màmá. Ó jó díẹ̀.”

“Irọ́ ńlá! Èmi kì í dáná kí n jó ọ̀gẹ̀dẹ̀!” Wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín.

Ẹsẹ̀ náà ló fi rìn títí wọ́n fi ń wo òrùlé Arégbè lókèèrè. Ibẹ̀ ló ti dúró.

“Ọkọ ọmọ mi, bẹ̀rẹ̀.”

Ògúnmọ́dẹdé yíjú padà. “Ṣé ẹsẹ̀ tún ń dùn yín ni, Màmá?”

“Ẹsẹ̀ wo? Ìyá Gbadébọ̀ ń bẹ lẹ́nu ọgbà, mo ń rí gèlè rẹ̀ láti ibí. Pọ̀n mí. Gba iwájú ilé rẹ̀. Rọra rìn o, kó lè rí wa dáadáa.”

Ó bẹ̀rẹ̀, ìyá gùn ún, ó ju ọwọ́ sókè bí olorì tó gun ẹṣin. Bó ti rí ẹnu Ìyá Gbadébọ̀ tó là sílẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, máńgòrò ìlú Arégbè sì bẹ̀rẹ̀ sí í já láti òkè dé ìsàlẹ̀ òpópónà, wọ́n ń bà lé orí páànù, wọ́n ń bà lé orí Ìyá Gbadébọ̀, òun náà sì sáré wọlé lọ gbé apẹ̀rẹ̀.

Ọ̀kan nínú máńgòrò ọjọ́ náà ni mo gbin kóóró rẹ̀ sẹ́yìn ilé mi, igi rẹ̀ lẹ sì ń gbádùn ibòji lábẹ́ rẹ̀ yìí. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó dìde kúrò níbẹ̀ kó lọ jókòó sínú oòrùn. Ẹ̀yin tó kù, ẹ máa lọ kí ìyá ìyàwó yín.